Ohùn Tí Mo Fún Olè

Ẹ dá a dúró ná. Mo ní kí ẹ dá a dúró, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ da ojú pọtábù yẹn dé, fóònù tí ẹ kó orí jọ lé yẹn, kí ẹ sì gbé àwo hóró kajú yẹn súnmọ́ mi, kí ọwọ́ wa má baà ṣófo. Ọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ ń torí rẹ̀ di ìhà mú, kí ló dé tó fi ń fa ọ̀rọ̀ báyẹn? Ṣé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀ nìyẹn, àbí ohùn àwọn kan ló yá? Ẹ ò mọ̀. Èmi mọ̀. Ohùn àwọn kan ló yá, kò sì ní dá a padà.

Ẹ má rò pé inú ń bí mi sí yín. Ojú ló ń tì mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń tì mí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó mọ bí ìtìjú náà ṣe tó. Sàlá ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ nípa rẹ̀, òun ló bá mi lọ. Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta.

Nígbà tí ara mi ṣì le, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì tó gba Manigri kọjá, telé kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa. Àlájì kan tó ń ta iṣu ló ni ín. Ó kọ́ ilé amọ̀ gígùn kan síwájú oko kajú rẹ̀, ó fi àpò sìmẹ́ńtì dí fèrèsé kí oòrùn má baà wọlé, ó sì to pákó sílẹ̀ fún ìjókòó. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ni a máa ń ṣí i. Kí ènìyàn tó dé ibẹ̀ ni yóò ti máa gbọ́ gúrúpù, ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iná, tí yóò máa wúkọ́ lẹ́yìn ilé bí àgbàlagbà tí òtútù mú. Òórùn esáńsì, epo tí gúrúpù ń mu, òórùn òógùn, òórùn ẹ̀pà yíyan. Bí gúrúpù bá mí kanlẹ̀, àwòrán á súnkì, gbogbo ilé á sì ké pe "Alásàn". Láti ẹ̀yìn ògiri ni Alásàn ti máa dáhùn pé, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀." Iná á sì padà dé.

Fílìmù àwọn ará Ṣáínà ni, tàbí ti àwọn ará Íńdíà, nígbà mìíràn ti Faransé. Ta ló gbọ́ ọ? Èmi ni wọ́n fi ń gbọ́. Mo ti lọ sí lékóòlù títí mo fi gbọ́ Faransé díẹ̀, ẹnu mi sì dùn, nítorí náà Àlájì fún mi ní ọ̀pá àti àpótí. Orí àpótí ni mo máa ń dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ telé, màá fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, màá sì sọ ohun tó wí ní Nàgó, èdè wa. Ẹnu-Telé ni wọ́n ń pè mí. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di òní, mo sì ń dáhùn.

Ṣé mo gbọ́ èdè Ṣáínà ni? Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú wọn ni mo ń wò, mo ń wo ọwọ́ wọn, mo sì ń hun ọ̀rọ̀ sí i. Bí bàbá arúgbó kan bá na ìka sí ọmọ rẹ̀, màá ní, "Mo ní kí o lọ kọ ebè, o lọ ń kọ́ ìjà." Ẹ̀rín á gba ilé kan. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún wọn pé ọmọbìnrin kan ti kú, mo sì ṣe é débi pé àwọn ìyá ń fi etí aṣọ nu ojú. Kò pẹ́, ọmọbìnrin náà tún jáde, ó ń jẹun. Mo ní àbúrò rẹ̀ ni, wọ́n jọra. Wọ́n gbà. Kò sí ohun tí Manigri kì í gbà lẹ́nu mi nígbà náà. Lọ́jọ́ iléyá, bí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á gé ẹran fún mi, wọ́n á ní kí n tún ti bàbá arúgbó yẹn sọ kí n tó jẹ ẹ́.

Lónìí, kálukú yín ní telé tirẹ̀ nínú àpò. Ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín níbí, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ ò sì mọ ohun tó ń pa ara yín lẹ́rìn-ín. Nígbà tiwa, ẹ̀rín kan náà là ń rín, ìgbà kan náà là ń rín in, ẹni tó jókòó tì ọ́ á sì gbá ọ lẹ́sẹ̀. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn. Mo máa ń sọ pé a kì í rẹ́rìn-ín láìmọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. N kì í rántí sọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri.

Nígbà ìsinmi yìí ni Sàlá gbé kayé rẹ̀, ìwé tó ń kọ ẹ̀kọ́ sí, dé láti Parakou. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa telé, rédíò àti ìròyìn ló ń kọ́ níbẹ̀. Misé tó ń kọ́ wọn ní kí olúkúlùkù wá ẹnìkan ní ìlú rẹ̀, kó fi ẹ̀kọ́ inú kayé wo iṣẹ́ onítọ̀hún. Gbogbo ẹni tó bi ní Manigri ló ní, "Ṣebí bàbá yín nìyẹn." Orí mi wú. Mo wẹ̀, mo wọ agbádá tí mo fi lọ síbi ìgbéyàwó àná, mo jókòó sórí ìjókòó tó ga, kí ó wá bi mí.

Ó kọ́kọ́ kà á pé nígbà kan, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ telé dà bí abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn: wọ́n á gún ọ, á wọ ara, o ó sì ṣe bó ti wí. Mo ní ẹni tó sọ ìyẹn kò wo fílìmù láàárín ènìyàn rí. Àwọn obìnrin wa ń wá nítorí bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń wé aṣọ. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan wà tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, idà nìkan ló ń wò, yóò sì máa ráhùn pé wọn kò pọ́n ọn dáadáa. Bàbá mìíràn ń wá nítorí pé inú ilé náà tutù. Orí ìjókòó ló ti ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó bá sì délé, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé fílìmù náà dára púpọ̀. Abẹ́rẹ́ wo ló gún ìyẹn? Sàlá rẹ́rìn-ín, ó ṣí ojú ewé kejì. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn náà wà níbí. Wọ́n ní ká má kàn bi ohun tí telé ń ṣe fún ènìyàn, ká bi ohun tí ènìyàn ń fi telé ṣe." Mo ní kó bá mi kí àwọn misé wọn, wọ́n gbọ́n.

Ó tún ní wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ kì í dédé ti inú ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Ó ní ẹnìkan tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ló ń kọ́kọ́ gbà á, ẹni náà ló ń pín in fún wọn. Ó ní oníbodè sì wà, ẹni tó ń pinnu ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa kú síta. Àyà mi gbòòrò. Mo ní, "Kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Èyí tó kà tẹ̀ lé e ló bà mí jẹ́. Ó ní kì í ṣe fílìmù kan ló ń yí ènìyàn padà. Bí ènìyàn bá ń wo irú nǹkan kan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lọ́dún dé ọdún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Mo ní àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó kọ òwe náà sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì bi mí tọkàntọkàn: "Bàbá, nínú fílìmù tiyín, àwọn wo ni olè? Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ṣe àlùwàlá. Kì í ṣe àkókò ìrun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Alásàn jẹ́ fún yín. Ọmọ ìlú Bassila ni, Anii ni ẹ̀yà rẹ̀ àti èdè rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló wá ń tún ṣe ní Manigri, Àlájì sì fi gúrúpù rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Inú àwo kan náà la ti ń jẹ iyán lọ́sàn-án. Òun ló kọ́ èdè wa. Ọdún mẹ́rin gbáko tí a jọ wà, n kò kọ́ ju ìkíni kan ṣoṣo lọ nínú tirẹ̀. Bó bá ń sọ èdè wa, ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀kalẹ̀, tàbí kó sọ̀kalẹ̀ níbi tí tiwa ti ń gòkè. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ yá ọkọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá kan, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọkọ yín." Ìyá náà ní kó máa mú un lọ, pé òun kò rí ohun tí òun ń fi í ṣe. Alásàn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́ ni. Mo gbé e lọ sórí àpótí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olè kan nínú fílìmù Ṣáínà jí ẹṣin, wọ́n sì mú un. Mo wá ohùn tí màá fún un, ohùn Alásàn ló wá sí mi lẹ́nu. Mo fa ọ̀rọ̀ bó ṣe ń fà á, mo ní, "Èmi kọ́ ni mo mú un, òun ló tẹ̀ lé mi." Ilé dàrú. Àlájì pàápàá ṣí fìlà, ó ń fi í nu ojú. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Láti ọjọ́ náà, olè yòówù kó jáde, ìbáà jẹ́ ará Íńdíà, ìbáà jẹ́ òyìnbó, Anii ló ń dà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé kì í dúró dè mí mọ́, àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ ṣáájú mi. Bí Alásàn bá lọ ra ata, wọ́n á máa sọ ọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹ má gbàgbé ibi tí gúrúpù wà. Ògiri amọ̀ kan ló wà láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, òun náà ló sì ń fún wa ní iná tí a fi ń ṣe é. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ń dùn ún. Ó ní, "Eré ni, àbí?" Ó fi "àbí" sí i. N kò gbọ́ "àbí" yẹn nígbà náà. Ìsinsìnyí ni mo ń gbọ́ ọ.

Ìyá Ráàbì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ní rédíò pupa kan. Alásàn bá a tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí rédíò mọ́. Ẹnìkan ní, "Àbí ó ti tẹ̀ lé Alásàn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ti dìde lọ mú un. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí ẹni tó bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mú un.

Wọ́n mú un dé abẹ́ máńgòrò, níwájú àwọn àgbà àdúgbò. Bó bá ti ya ẹnu sọ èdè wa, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, torí ohùn olè inú fílìmù ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó rí i pé kò sí èyí tí wọ́n ń gbọ́, ó fi èdè wa sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Ọjọ́ ọjà Bassila ni, gbogbo ẹni tó gbọ́ Anii láàárín wa ti lọ sọ́jà. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ pè mí. "Ẹnu-Telé, ìwọ tó gbọ́ Ṣáínà, tó gbọ́ Íńdíà, kí ni ọkùnrin yìí ń wí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó yẹ kí n sọ kò ju kí n ní n kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní n kò gbọ́ ti Bassila tó wà níbí, ta ni yóò tún gbà pé mo gbọ́ ti Ṣáínà? Gbogbo ojú ló wà lára mi, bíi pé orí àpótí ni mo wà. Alásàn wò mí. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú mi ló tẹjú mọ́. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni: "Èmi kọ́ ni mo mú un, òun ló tẹ̀ lé mi." Mo sì fa ìparí rẹ̀, bí mo ṣe máa ń fà á.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, àgbà kan nu ojú, ó ní, "Ó ti jẹ́wọ́." Wọ́n máa ń ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti Alásàn, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Èmi ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí oòrùn má wọ̀ bá a ní Manigri. Ó di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà Bassila lọ. Àwọn ọmọdé sìn ín dé ẹ̀yìn ìlú, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fi ń kọrin. Èmi wà nínú ilé, mo ti ìlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ Ìyá Ráàbì ti oko iṣu rẹ̀ lọ́nà Doguè dé, rédíò pupa kọ́ sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun ló mú un lọ ní ìdájí, kó lè máa gbọ́ ìròyìn lóko. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní kí ẹnìkan lọ bá Alásàn ní Bassila, kó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n wò mí. Mo ní iṣu mi ti ń fà, mo fẹ́ lọ ri ọ̀pá sí i. Ọdún yẹn, ọ̀pá tí mo rì fún iṣu ju iṣu lọ.

Gúrúpù kò lò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ àìsàn rẹ̀ mọ́. Ilé fílìmù di ibi tí wọ́n ń kó àpò kajú sí, òjò sì wó ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó wà láàárín wa yẹn gan-an. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ṣàárò ìgbà náà, wọ́n máa ń ní esáńsì tó wọ́n ló pa á. Mo máa ń mi orí pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti gbàgbé, ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tiẹ̀ yàgbẹ́, n kò sì gbàgbé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sàlá ní ọjọ́ kejì. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa kayé rẹ̀ dé, ó ní, "Bàbá, ṣé ó ṣì wà láyé?" Mo ní wọ́n ní ó wà. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìrìn náà kò jìn, iṣu tó wà lórí iná kò lè jinná kí a tó dé ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń lọ sí Bassila, fún ìwé ìjọba, fún ọjà. Ṣùgbọ́n mo mọ àdúgbò tí Alásàn ń gbé, n kì í sì gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí ọ̀nà tó yí i ká tí n kò mọ̀.

A bá a lábẹ́ ìbòòji iwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ayùn rin irin kékeré kan. Orí rẹ̀ ti funfun báláú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹ ṣe wà yìí, àti Mèmúnà ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó máa ń wá tajà ní Manigri, tó sì gbọ́ èdè wa dáadáa. Mo kí i ní Anii, ìkíni kan ṣoṣo tó kọ́ mi. Ohùn mi sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Alásàn kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n sì dákẹ́ wẹ́lo. N kò ṣe ìyẹn fún un rí.

Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó fi Faransé kí mi, "Bọ́njúù, musié," bí ènìyàn ṣe ń kí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo bá a sọ èdè wa. Mèmúnà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, bàbá mi kò gbọ́ Nàgó. Kò sọ ọ́ rí lójú wa." Ẹ wo nǹkan. Ọmọ tó bí, tó ń fi èdè wa tajà, kò mọ̀ pé bàbá òun gbọ́ ọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo sọ ohun tí mo ṣe. N kò fi ohùn kankan sọ ọ́ ju tèmi lọ. Alásàn ń rin irin rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó gbé irin sílẹ̀, ó sì bá Mèmúnà sọ̀rọ̀ ní Anii. Mèmúnà kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, sọ ọ́. Má yọ nínú rẹ̀, má fi kún un."

Ó ní, "Bàbá mi ní, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí òun ń sọ lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ náà?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ó ní, "Bàbá mi ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń tún sọ. Òun ní kí wọ́n bá òun pe ọ̀rẹ́ òun wá, kó wá gbẹnu sọ fún òun."

Wọ́n sì pè mí. Mo sì wá.